Ìyé Jókòó Lórí Fílítà

Kí àlejò tó ti ẹnu géètì wa dé pálọ̀, ẹja ni mo máa ń kọ́kọ́ kí. Màá sáré kúnlẹ̀ níwájú táǹkì, màá ní, "Ẹ káàsán sà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Ẹja á la ẹnu, á pa ẹnu dé. Ọkàn mi á ti balẹ̀ díẹ̀ nígbà yẹn, màá wá lè kí àlejò tó jẹ́ ènìyàn. Ojú ń tì mí púpọ̀ ni. Inú ilé ni wọ́n ti kọ́ mi níwèé láti kékeré, ní Dutse Alhaji níbí, àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ lójúmọ́ kò sì ju ìka ọwọ́ kan lọ. Ẹja yìí wà lára wọn.

Pẹmusẹ́kì lorúkọ rẹ̀. Dádì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó jọ àwọn pẹmusẹ́kì, àwọn ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ìjọba tí òun ti bá ṣiṣẹ́ rí ní Garki: ikùn ńlá, ojú tó ń wo gbogbo ènìyàn, ẹnu tó ń ṣí tó ń padé láìsí ọ̀rọ̀ kan tó tibẹ̀ jáde. Dúdú ni, ó ní àmì pupa káàkiri ara bí ẹyinná inú eérú, ó sì tóbi tó bàtà Dádì.

Ọ̀gá kan tó fẹ̀yìn tì, tó ń kó lọ sílùú rẹ̀, ló fún Dádì ní ẹja náà pẹ̀lú táǹkì rẹ̀. Gíláàsì ni táǹkì yìí látòkè délẹ̀, ó gùn tó àga onímẹ́ta. Ọ̀gá náà fi fílítà tó ń fọ omi rẹ̀ kún un. Ẹni tí kò bá mọ fílítà yìí á rò pé kúlà tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí ni. Rọ́bà kan ń fa omi ìdọ̀tí láti inú táǹkì wá sí ikùn rẹ̀. Fóòmù, òwú àti àwọn òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nínú ikùn náà, omi á gba àárín wọn kọjá, póm̀pù orí rẹ̀ á sì fi rọ́bà kejì tì í padà sí táǹkì. Bó bá ń ṣiṣẹ́, á máa kùn bí ẹni tó jẹun yó tó ń sùn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé omi kò mọ́. Funfun ló máa ń rí, bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ẹ̀kọ. A kì í rí Pẹmusẹ́kì àfi tó bá wá fi imú kan gíláàsì, bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé lásìkò ọyẹ́. Mairuwa tó máa ń ti kẹ̀kẹ́ omi wá fún wa wò ó títí, ó ní kai, omi tòun kọ́ nìyí.

Ènìyàn méjì ló dìde sí ọ̀rọ̀ omi yìí nílé wa, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì lọ̀nà tí wọ́n gbà.

Ọ̀nà tí Mọ́mì gbà ni fífọ̀. Ìjẹ̀bú ni Mọ́mì, òun sì ni olùkọ́ mi, òfin kan tó sì ti kọ́ mi kí n tó mọ ABD ni pé ohun tó ń fọ nǹkan, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́. Kànrìnkàn gbọ́dọ̀ mọ́. Ìgbálẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́. Nítorí náà, ní gbogbo Sátidé, á gbé kẹ́tùlù kaná, á tú gbogbo ohun tó wà nínú fílítà sínú bàsíà, á da omi gbígbóná lé wọn lórí. Èmi ni mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ àwọn òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọn ó fi máa dán bí eyín ọmọ ìkókó. Lẹ́yìn náà la ó sá wọn sóòrùn. Fóòmù á wà lórí okùn pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì Dádì. Bí a bá dá wọn padà, omi á ṣe bí ẹni fẹ́ mọ́ ní Sọ́ńdè. Kó tó di àárín ọ̀sẹ̀, ẹ̀kọ ti dé.

Ọ̀nà tí Dádì gbà ni àtúnṣe, Bùrọ́dà Nehemiah ló sì ń bá a ṣe é. Bùrọ́dà Nehemiah ló ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó sì gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé gbogbo ohun tó bá ti ní ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó tàn, ẹbí òun ni. Wọ́n kọ́kọ́ lọ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ ní Mpape, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, wọ́n kó o kún ikùn fílítà. Lẹ́yìn náà, wọ́n di èédú sínú ìbọ̀sẹ̀ gígùn Mọ́mì láìgba àṣẹ. Nígbà tí ìyẹn náà kò ṣe nǹkan kan, wọ́n yọ póm̀pù fílítà dànù, wọ́n fi ti ẹ̀rọ ìfọṣọ kan tó ti bàjẹ́ rọ́pò rẹ̀.

Ẹ ò ní í gbàgbọ́ ohun tójú wa rí lọ́jọ́ yẹn. Omi inú táǹkì di odò. Pẹmusẹ́kì kọjú síwájú, ó ń lúwẹ̀ẹ́ kíkankíkan, ó sì ń lọ sẹ́yìn. Omi tó ti ẹnu rọ́bà kejì jáde fò gba òkè, ó kan fáànù, fáànù sì pín in kárí gbogbo ìjókòó láìṣe ojúsàájú. Mọ́mì yọ gèlè tó ti tutù lórí rẹ̀, ó fún un, ó wọlé lọ.

Kí agbára omi náà lè dínkù, Bùrọ́dà Nehemiah gbé páìpù rọ́bà funfun gígùn kan wá lọ́jọ́ kejì. Ó lu ihò sí i lára kéékèèké, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn táǹkì lábẹ́ omi, ó sì so rọ́bà fílítà mọ́ ọn. Kí n sọ òtítọ́, èyí ṣiṣẹ́. Omi wá ń rọra jáde bí ìrì. A kò bi í níbi tó ti rí páìpù. Ẹni tó bá ń bá ni ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, a kì í bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń fipá dé fílítà lórí òkúta Mpape yẹn, ohun tó di ìdérí rẹ̀ mú kán. Omi wá ń tú láti abẹ́ ìdérí, ṣìììì. Dádì sáré lọ gbé odó Mọ́mì láti kíṣìnì, ó gbé e lé ìdérí lórí. Odó náà wúwo, omi dákẹ́. Bùrọ́dà Nehemiah ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Lẹ́nu rẹ̀, ìgbà díẹ̀ lè gùn ju sáà ìjọba kan lọ.

Bí a ṣe wá ń gbé pálọ̀ nìyẹn, táǹkì ẹ̀kọ lápá kan, odó lórí fílítà lápá kejì. Ohun tó wá fọ́ gbogbo rẹ̀ lójú ni ọ̀rọ̀ iná. Wọ́n mú iná lọ fún ìgbà pípẹ́, ínfátà wa kò sì lè gbé fílítà àti fíríìjì pọ̀. Dádì yọ fíríìjì. Nígbà tí Mọ́mì ṣí i, tó gbóòórùn ẹja tó fẹ́ fi se ọbẹ̀, ó pe gbogbo wa sí pálọ̀.

"Ẹja tí à bá jẹ ti rà," ó ní, "nítorí ẹja tí a ò ní í jẹ."

Mọ́mì wá gbé òfin kalẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìbéèrè ìdánwò. Ìpàdé àdúrà inú ilé ń bọ̀ wá kàn wá ní Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù tó ń bọ̀. Ó fi kàlẹ́ńdà ìjọ wa kọ́ sára ògiri lẹ́yìn táǹkì. Bí Pásítọ̀ Akínjídé bá lè dúró níwájú táǹkì, kó fojú gba inú omi kọjá, kó sì ka àkọlé ọdún tó wà lára kàlẹ́ńdà, ẹja dúró. Bí kò bá lè kà á, Bùrọ́dà Titus á gbé Pẹmusẹ́kì lọ.

Bùrọ́dà Titus ni olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ó sì ń sin ẹja àrọ̀ sínú adágún oníbíríkì lọ́nà Bwari. Ènìyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n àwọn ẹja àrọ̀ rẹ̀ kì í bi àlejò lórúkọ kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Dádì gbà, torí ó fọkàn tán Bùrọ́dà Nehemiah. Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo dúró títí gbogbo wọn fi wọlé, mo kúnlẹ̀ níwájú gíláàsì, mo kí Pẹmusẹ́kì dáadáa. Bó bá lọ, ta ni màá kọ́kọ́ máa kí? Ó fi imú kan gíláàsì, ó la ẹnu, ó pa á dé.

Kò pẹ́ sí i ni Ìyé dé láti Kàbbà. Ìyá Dádì ni. Ìyé ni wọ́n ń pe ìyá lọ́dọ̀ àwọn Òkun, gbogbo wa la sì ń pè é bẹ́ẹ̀, títí kan Mọ́mì. Ó ní òun wá fi ìbàdí òun han dókítà, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ fi hàn pé ó wá ṣe irú pẹ̀lú: èso igi igbá kún àpò kan, igbá dúdú kan sì wà tó fi aṣọ méjì wé bí ọmọ tuntun. Ó wo táǹkì. Ó bi Dádì pé ìgbà wo la ó pa á. Dádì ní kì í ṣe fún jíjẹ. Ìyé wo ọmọ rẹ̀ títí, bí ẹni tó ń wá àdúrà tó bá ọ̀rọ̀ mu.

Lọ́jọ́ kejì ó se èso igbá rẹ̀ títí ó fi rọ̀, ó wá ń wá ibi tí yóò ti gún un kí èèpo rẹ̀ lè bọ́. Ó rí odó ní pálọ̀. Ìyé kì í ṣe ènìyàn kékeré, agbára sì wà lára rẹ̀ dáadáa, ìbàdí tó ń dùn ún kò dí i lọ́wọ́. Ó gbé odó náà kúrò lórí fílítà.

Igbe rẹ̀ la gbọ́. Nígbà tí a ó fi dé pálọ̀, omi ti ta dé ojú fèrèsé, Ìyé sì ti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ní ara tó wúwo lè ṣe: ó ti jókòó lé ihò tí omi ń gbà jáde. Omi dákẹ́ lójijì. Dádì na ọwọ́ sí i kó dìde. Ìyé kò mú ọwọ́ náà. Ó pa ojú dé.

"Kí lẹ ń pe èyí?" ó ní.

Dádì sọ fún un pé fílítà ni.

"Ó ń gbọ̀n mí níbàdí," Ìyé wí. "Ẹ máa lọ. Mo ti rí dókítà."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti di bẹ́ẹ̀. Odó á wà lórí fílítà nígbà tí Ìyé bá ń sùn tàbí tó ń jẹun, Ìyé á sì wà lórí rẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Dókítà tó wá fún kò rí i rárá.

Irú ni kò lọ dáadáa. Ó gún èso náà, ó fọ èèpo dànù, ó dà á sínú igbá dúdú rẹ̀, ó fi ewé bò ó, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó gbóná ní kíṣìnì. Nígbà tí àkókò pé tó ṣí i, kò fà, kò sì rùn. Ẹ̀wà sísè lásán ló jọ. Ìyé gbé igbá náà sókè, ó fi imú sí i, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mo gbé bàsíà dání.

"Ìyá Fìyìn," ó pe Mọ́mì, "ta ló fọ igbá mi?"

Mọ́mì kúnlẹ̀. Ó ní òun ni, ó ní igbá náà ti dúdú, ó sì le lára, òun fi omi gbígbóná àti ọṣẹ bó o, òun sá a sóòrùn, kí Ìyé lè rí i pé òun tọ́jú ẹrù wọn.

Ìyé kò bínú. Ó kàn mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé èmi lo rò pé mo ń ṣe irú ni? Ohun tó lẹ̀ mọ́ igbá yìí ló ń ṣe é. Láti ayé ìyá mi ló ti wà níbẹ̀. O fọ àwọn òṣìṣẹ́ dànù tán, o wá ń retí iṣẹ́."

Mọ́mì bẹ̀ ẹ́, Ìyé sì gbé e dìde, ó ní kò burú, igbá á tún dúdú bó pẹ́ bó yá. Ọ̀rọ̀ náà tán láàárín wọn níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, kò tán. Mo dúró pẹ̀lú bàsíà lọ́wọ́, mo ń rí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lójú ọkàn mi. Mo ń rí fóòmù lórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì. Bí omi bá ń gba ikùn fílítà kọjá, tí ó sì yẹ kó mọ́, ta ló ń fọ̀ ọ́ níbẹ̀? Òkúta ni? Òkúta kò lọ́wọ́. Àbí àwa náà ti ń fọ àwọn òṣìṣẹ́ dànù ní gbogbo Sátidé?

Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ irú rẹ̀? Mọ́mì ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a wí tán nítorí fífọ̀ kan. Èmi ọmọ wá fẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé kí n ní fífọ̀ kejì náà kò dáa? Ẹ̀bi kan tó ènìyàn lóòjọ́. Pẹmusẹ́kì nìkan ni mo sọ fún.

Nígbà tó di Sátidé, mo gbọ́ tí kẹ́tùlù ń hó. Mo kàn gbé tìmùtìmù lé fílítà lórí, mo sì lọ bi Ìyé bóyá ìbàdí wọn ò rán wọn létí nǹkan. Ìyé ní mo ṣeun, ó wá jókòó, ó tẹ́ ìró rẹ̀ sílẹ̀ yíká.

Mọ́mì dé pẹ̀lú kẹ́tùlù àti bàsíà. Ó dúró. Kò sí ìyàwó ilé tó lè sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé kó dìde kí òun lè fọ ohun tó jókòó lé. Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, Mà." Ìyé dáhùn. Ó bi í léèrè ara rẹ̀. Ó bi í léèrè ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá náà, ẹ̀gbọ́n ìyá náà tó ń kọ́lé, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lé. Mọ́mì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń dáhùn, kẹ́tùlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Ìyé máa fi kí gbogbo Ìjẹ̀bú tán, omi ti tutù. Mọ́mì ní òun ń bọ̀, ó lọ tún un gbé kaná. Nígbà tó padà dé, Ìyé ti sùn lọ lórí fílítà, ó ń hanrun, fílítà náà ń hanrun, ohùn wọn sì bára mu.

Báyìí ni Sátidé yẹn ṣe lọ. Ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e náà lọ bẹ́ẹ̀. Mọ́mì kò tilẹ̀ bínú mọ́, ó kàn ń sọ fún mi pé ìdọ̀tí ibẹ̀ á ti pọ̀ tó òkè. Bùrọ́dà Nehemiah pẹ̀lú gbé garawa ọ̀dà kan wá láti so mọ́ fílítà, ó bá Ìyé lórí rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú súkúrúdíráfà lọ́wọ́. Ìyé ṣàdúrà fún un títí ó fi gbàgbé ohun tó bá wá.

Omi sì ń yí padà. N ò kọ́kọ́ gba ojú mi gbọ́. Mo rí ìrù Pẹmusẹ́kì nígbà tí orí rẹ̀ wà níbòmíràn. Lẹ́yìn náà mo rí yanrìn ìsàlẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀yìn táǹkì báyìí, Mọ́mì fi aṣọ tábìlì bò ó jìngbìnnì. Ó ní ìdánwò ti sún mọ́lé, a kì í sì í ṣí ìwé ìbéèrè wò ṣáájú.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò yìí, nǹkan mìíràn ló gba ẹnu wọn. Àsíá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ọ̀pá méjì tí wọ́n fi ń gbé e, ọ̀kan ti pòórá láti bí oṣù méjì. Bùrọ́dà Titus ló ń fi ọwọ́ lásán na etí àsíá kan sókè nígbàkigbà tí wọ́n bá ń yan wọlé, apá sì ti ń ro ó. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà. Bùrọ́dà Nehemiah ló ń ṣe àmín tó ròkè jù.

Sọ́ńdè ọ̀hún pé. Pálọ̀ wa kún. Mọ́mì ti gbé odó lọ sẹ́yìnkùlé, ó ní Pásítọ̀ kò gbọ́dọ̀ bá odó ní pálọ̀ òun. Nítorí náà Ìyé ló jókòó lórí fílítà, ó wọ aṣọ òkè tó fi ń lọ ìdúpẹ́, ìró rẹ̀ bo gbogbo nǹkan náà mọ́lẹ̀, ó jọ ọba lórí ìtẹ́. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi kọ̀rọ̀ tí ojú kò ti ní í tó mi. Bùrọ́dà Titus ti gbé kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ewé tí wọ́n gé lórí wá, omi wà nínú rẹ̀ dé ìdajì, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

A kọrin, a ka Bíbélì, ó lọ dáadáa. Ni Pásítọ̀ Akínjídé bá ní, "Ẹ jẹ́ ká dìde fún àdúrà."

Ìyé kò jókòó rí nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ Ọlọ́run. Kí n tó na ọwọ́, ó ti dìde.

Omi jáde bí ìgbà tí wọ́n bá já ẹnu ọ̀pá ẹ̀rọ. Ó gba ẹ̀yìn Bùrọ́dà Nehemiah, ó gba etí Dádì. Ojú gbogbo wọn wà ní pípadé, àwọn tó bà sì rò pé Pásítọ̀ ló ń wọ́n omi àdúrà, wọ́n ní àmín. N ò mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe gbé mi. Mo jókòó lé ìdérí náà.

Nínú gbogbo ilé yẹn, èmi nìkan ló wà lórí ìjókòó. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í là lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì ń bọ̀ wá sórí mi. Ohun tí mo ti ń sá fún láti kékeré nìyẹn. Ohun tó tún wá burú ni pé omi kò dá. Ó ń tú lápá ọ̀tún àti òsì mi bí ìyẹ́.

Pásítọ̀ dá àdúrà dúró. "Fìyìn, ṣé ara rẹ ò yá ni?"

Ẹnu mi ṣí, ó padé. Ó tún ṣí, ó tún padé. Pẹmusẹ́kì gan-an ò lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan, ohùn mi ni.

"Ara mi yá, sà. Mi ò wúwo tó ni." Mo wá yíjú sí Mọ́mì. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó lé mi lẹ́sẹ̀."

Mọ́mì wo kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó wo kẹ́ẹ̀gì Bùrọ́dà Titus. Bó bá dúró síbi tó wà, fílítà tán, ẹja lọ, fíríìjì gba ínfátà rẹ̀ padà. Ó rìn wá bá mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí, ó ní, "Bí mo bá jókòó, ṣé wàá bá mi fọ ohun ìdọ̀tí yìí lẹ́yìn ìpàdé?"

Ènìyàn ì bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ parí. N ò lè ṣe é. "Ẹ má fọ̀ ọ́ mọ́, Mà," mo wí, ohùn mi sì lọ sókè ju bí mo ṣe rò lọ. "Bí igbá Ìyé ló rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ la ti ń fọ̀ dànù."

Mọ́mì wò mí. Mo mọ ìwò yẹn. Bó ṣe máa ń wò mí nìyẹn tí mo bá ṣe ìṣirò tí mo gba ọ̀nà tí òun kò kọ́ mi, tí ìdáhùn sì bọ́ sí i. Ó wo Ìyé, ó wo fílítà tí a kò fọ̀ láti ìgbà tí Ìyé ti gbà á. Ó so ìró rẹ̀ le, ó jókòó lé mi lẹ́sẹ̀ gbì.

Omi dá.

Pásítọ̀ tètè ṣe àmín. Dádì, tí omi ṣì ń kán létí rẹ̀, ṣí aṣọ kúrò lára táǹkì.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, omi náà mọ́. Ó mọ́ débi tí Pẹmusẹ́kì fi dà bí ẹni tí wọ́n fi okùn tí a kò rí gbé kọ́ sínú afẹ́fẹ́. Mọ́mì ti orí ẹsẹ̀ mi sọ fún Pásítọ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó dúró níwájú gíláàsì, kó ka ohun tó bá rí sókè. Pásítọ̀ wọ awò ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó kà á pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka ẹ̀kọ́ kìíní:

"TI ÌJỌ NI. MÁ GBÉ E."

A wo ara wa. Kì í ṣe ohun tó wà lára kàlẹ́ńdà nìyẹn. Pásítọ̀ tún sún mọ́ ọn. "ẸGBẸ́ Ọ̀DỌ́," ó tún kà á.

Ara páìpù funfun ló wà, páìpù tó ní ihò kéékèèké, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba.

"Ọ̀pá wa!" Bùrọ́dà Titus ló ké bẹ́ẹ̀.

Bùrọ́dà Nehemiah ti gbójú sókè, ó ń yẹ fáànù wò bí ẹni tí wọ́n pè wá tún un ṣe. Nígbà tí ojú pọ̀ lára rẹ̀, ó ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lòun ti bá a níbi tó fẹ̀yìn ti ògiri, òun rò pé ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni. Bùrọ́dà Titus ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń lọ fa ọ̀pá rẹ̀ yọ.

"Bùrọ́dà Titus," Mọ́mì wí láti orí ẹsẹ̀ mi, pẹ̀lú ohùn olùkọ́, "ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọn òṣìṣẹ́ wà lára rẹ̀."

Bùrọ́dà Titus gbé ọwọ́ sókè. Mọ́mì ní ìdánwò kò tíì parí, kí Pásítọ̀ máa bá ìwé kíkà lọ. Pásítọ̀ wo abẹ́ ọ̀pá náà, ó gba inú omi kọjá, ó gba ẹ̀yìn Pẹmusẹ́kì, ó dé ara ògiri. "Ọdún Ìmúpadàbọ̀sípò," ó kà á, ẹ̀rín sì gbà á lójú ẹsẹ̀, ó ní ó dáa, Ọlọ́run ti mú ọ̀pá padà, kò kàn sọ ibi tí yóò gbé e sí ni. Òun náà ló dájọ́: ọ̀pá dúró síbi tó ti ń ṣiṣẹ́, Bùrọ́dà Nehemiah ni yóò máa fi ọwọ́ na etí àsíá sókè títí yóò fi rí òmíràn rà, yóò sì wá ohun tó ń di ìdérí fílítà mú wá kíákíá. Bùrọ́dà Titus yí omi inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ dà sídìí òdòdó Mọ́mì. Inú rẹ̀ dùn ju ti ẹni tó rí ẹja gbà.

Dádì ní òun ń lọ gbé odó wá. Ó pẹ́ kó tó padà, ọwọ́ lásán ló sì gbé dé: Ìyé ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ láàárín ariwo náà, ó ti da èso igbá tuntun sínú odó, ó ń gún un. Èmi àti Mọ́mì kò lè dìde. Nítorí náà àwọn àlejò ló ń wá bá wa níbi tí a jókòó sí láti dágbére, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń dá gbogbo wọn lóhùn, ẹ ṣeun sà, ó dàbọ̀ Mà, ẹ kí ilé. Ẹ̀yìn Mọ́mì ló bò mí lójú, ọkàn mi balẹ̀.

Ìyé wọlé pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́. Ó wo omi tó mọ́, ó wo Pẹmusẹ́kì látorí dé ìrù, ó mi orí.

"Ó ti wá hàn dáadáa báyìí," ó sọ fún Dádì. "Ìgbà wo la ó pa á?"